Ìyá Kì í Mumi Nílé Ọmọ Rẹ̀ Obìnrin

Ọkọ̀ méjì ló wá pàdé Nasib Kaur ní pápákọ̀ òfurufú Toronto lọ́jọ́ tó dé. Ọ̀kan jẹ́ ti Jagtar, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọkọ̀ dúdú gàgàrà tó ń dán bí ara ejò. Èkejì jẹ́ ti Pali, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọkọ̀ kékeré tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ti jẹ nídìí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà tí èrò ń gbà jáde. Wọ́n kí ara wọn tán, oníkálùkù sì kọjú sí ìlẹ̀kùn.

Jagtar ló kọ́kọ́ yanu. "O ò bá má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ọkọ̀ mi gba èèyàn méje."

"Vírjì, ọkọ̀ yín kọ́ ló gbé wọn wá," ni Pali dá a lóhùn. Vírjì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

Òótọ́ ni Pali sọ. Ìjọba Kánádà kì í gba ìyá ẹni wọ̀lú torí pé ó sáà jẹ́ ìyá ẹni. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ìyá òun wá di onílé, kó máa gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ ó fi dé, yóò forúkọ sílẹ̀. Ìjọba á ṣẹ́ gègé lórí orúkọ tó pọ̀ bí yanrìn. Ẹni tí gègé bá mú yóò fi hàn pé ọdún mẹ́ta lera wọn ni owó iṣẹ́ òun fi tó bọ́ ará ilé òun àti ìyá mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni yóò tọwọ́ bọ̀wé pé fún ogún ọdún, òun ni kí wọ́n bi bí ìyá bá ń jẹ tàbí bí kò bá rí jẹ.

Jagtar ni gègé kọ́kọ́ mú. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń ṣe, ọwọ́ sí ọwọ́ ni àwọn oníbàárà ń sanwó fún un, ilé tirẹ̀ sì ga débi pé ẹyẹ ń sinmi kó tó fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ló máa ń sọ fún àwọn agbowó-orí pé agbára káká lòun fi ń rí rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilé wọn, jẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyá wá délẹ̀, ìjọba wo ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ, wọ́n ní tálákà bíi tìẹ, kí lo fẹ́ fi bọ́ ìyá? Ẹni tó bá wọ àkísà lọ bá agbowó-orí, kó má bínú bí wọ́n bá pè é ní alágbe lọ́jọ́ ìyẹ́sí. Jagtar kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ohun tó ń wí ni pé ìjọba ló ń fi nǹkan falẹ̀.

Pali ní tirẹ̀ ń wa tírélà. Ó ń kó ẹrù láti Brampton, ìlú tí wọ́n ń gbé, lọ sí Sudbury, nínú òjò dídì, nínú ìkùukùu. Lọ́jọ́ Sátidé tó yẹ kó sinmi, á lọ po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì. Gbogbo ohun tó ń wọlé fún un ló ń sọ, ó ń san owó-orí lórí gbogbo rẹ̀, títí gègé fi mú òun náà, tí ìwé sì jáde. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ń gbọ́ ti ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ pẹ̀lú.

Ìlẹ̀kùn ṣí, Nasib sì yọ. Wọ́n fún un ní àga onítáyà. Kò jókòó sí i, ẹrù rẹ̀ ló kó lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í, tí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ń sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Nasib, aya Karnail olóògbé! Obìnrin gíga bí ìrèké oko Moga, ní Púnjábù ilẹ̀ Íńdíà. Ajígbàdúrà kí àkùkọ tó rántí pé òun lóhùn. Ọkọ kú, kò ta màálù. Àna dìde sí i, kò ta ilẹ̀. A-sọ̀rọ̀-lẹ́ẹ̀kan-kí-ajá-àdúgbò-dákẹ́. Òtútù Kánádà fẹ́ lù ú, ó wojú òtútù.

Àwọn ọmọ méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí Pali tó nàró, Jagtar ti di àpótí mú.

"Bíjì, ẹ jẹ́ ká lọ. Simrat ti se oúnjẹ kalẹ̀, àwọn ìbejì wa ń retí yín." Bíjì ni wọ́n ń pe ìyá, Simrat sì ni ìyàwó Jagtar.

"Vírjì, ẹ gbé àpótí yẹn sílẹ̀."

"Ṣé orí ẹ pé? Ìyá tó bí ọkùnrin, kó wá lọ máa gbé ilé ọmọbìnrin? Níbo ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ?"

"Ẹ lọ bi àwọn tó lu òǹtẹ̀ ìwé wọn. Ilé ta ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Nasib wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Ṣé ibí lẹ ti fẹ́ jà, kí àwọn òyìnbó wọ̀nyí lè rí ìran wò lọ́fẹ̀ẹ́? Jagtar, gbé ẹrù mi sínú ọkọ̀ àbúrò rẹ. Ẹni tó pè mí ni mo jẹ́ ìpè rẹ̀."

Inú Pali dùn débi pé kò rántí ibi tó gbé ọkọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti bọ́ sójú títì, ìyá tún sọ̀rọ̀.

"Puttar, ọmọ mi, gbọ́. Sùn ni màá sùn nílé rẹ. Mi ò ní jẹ, mi ò sì ní mu."

Pali rò pé àárẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ni.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ níí mu. Òwe yìí kò bèèrè bóyá akọ lọmọ tàbí abo. Ṣùgbọ́n àwọn ará Púnjábù ti yà á sọ́tọ̀: ọ̀dọ̀ akọ ni kí òkété lọ mu ún, bí akọ kò tilẹ̀ ní ọmú. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá ti fà fún ọkọ, ẹ̀bùn ni, a kì í sì í padà lọ jẹ nínú ẹ̀bùn tí a ti fi tọrẹ. Nígbà ayé Karnail, bó bá fẹ́ lọ wo Pali nílé ọkọ, abúlé tó ṣáájú tibẹ̀ ni yóò ti mumi yó. Kànga abúlé àna, kò ní fẹnu kàn án.

Nasib kò mumi. Pali gbé tíì oníwàrà tó kún fún atalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ìyá fi ọmọrí dé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè nípa àwọn tó ń gbé òdìkejì títì. Pali se ẹ̀wà pupa. Ìyá ní òórùn rẹ̀ dára. Lakhvir, ọkọ Pali, tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló fi ń wa ọkọ̀, tó fi ń jẹun, tó fi ń sùn, wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Bíjì, ṣé ká gbé Ìwé Mímọ́ wá sí pálọ̀ yìí? Bí ilé bá ti di gùrùdúwárà, kì í ṣe ilé ọmọ mọ́, ẹ lè jẹun."

Nasib rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò mu tíì náà.

Gùrùdúwárà ló gbà á sílẹ̀. Ilé ìjọsìn ẹ̀sìn Síìkì nìyẹn, ilé Gúrù, olùkọ́ ìgbàgbọ́ wọn. Kò jìnnà, ẹnikẹ́ni tó bá sì wọ ibẹ̀, olówó ni o, aláìní ni o, yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, wọn yóò bu oúnjẹ sí àwo irin fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Nasib á fi búùtù sẹ́sẹ̀ láàárọ̀, á forí la afẹ́fẹ́, á gbàdúrà, á jẹun, á bu omi sínú ìgò bọ̀ wálé. Ìrọ̀lẹ́, á tún lọ. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń wojú ara wọn: kí ló dé tí ìyá Jagtar ń jẹ níta bí ẹni tí kò bímọ?

Ó dun Pali wọ eegun. Nínú tírélà, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: mo gbé e sọdá òkun, mi ò lè gbé ife omi sọdá tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹkún kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Bí àyè bá ti gbà á láàárọ̀, á gbọ̀nà gùrùdúwárà kó tó lọ síbi iṣẹ́, á so ìborí mọ́rí, á dúró nídìí irin gbígbóná láàárín àwọn obìnrin tó ń yan rótì.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ní kó bá wọn pín in. Ó ń lọ láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì títí tó fi dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Nasib gbójú sókè.

"Ìwọ lo yan èyí?"

"Ilé Gúrù ni, Bíjì. Kì í ṣe ilé mi. Ẹ tẹ́wọ́."

Ìyá tẹ́wọ́. "Olè," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Olè paraku."

"Ṣé kí n fi ọ̀kan kún un?"

"Fi kún un, jàre."

Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nasib rẹ́rìn-ín débi pé ọbẹ̀ gbà á lọ́nà ọ̀fun.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, títí ìjì òjò dídì fi dé. Ìjì náà dí ọ̀nà pa. Ìjọba ní kí onílé máa gbélé, gùrùdúwárà ti ìlẹ̀kùn. Lakhvir há sójú ọ̀nà jíjìn, òun àti ẹrù ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Windsor. Ó wá ku Pali àti ìyá rẹ̀ nínú ilé. Omi inú ìgò tán.

"Bíjì, ẹ mu omi."

"Màá mu bí ọ̀nà bá là."

"Ètè yín ti ń sán."

"Ètè mi ni."

Pali se oúnjẹ, ó gbé e kalẹ̀, ó tutù, ó gbé e kúrò. Nígbà tó tún padà wọ pálọ̀, kò bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Nasib dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ya ẹnu sókè ọ̀run bí ọmọ ẹyẹ, òjò dídì ń bọ́ sí i lẹ́nu.

"Bíjì! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Omi Ọlọ́run ni mò ń mu. Kì í ṣe tìẹ."

"Orí ilẹ̀ mi ló ń bọ́ sí!"

"Mi ò tíì jẹ́ kó balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà pa Pali lẹ́rìn-ín, ó sì bà á lẹ́rù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn nìkan kọ́ ló lójú ládùúgbò. Nínú gbogbo òpópónà yẹn, bóyá ilé kan ni kì í ṣe ti ará Púnjábù. Kí Nasib tó gbọn òjò dídì kúrò lára, tẹlifóònù Jagtar ti dún: wọ́n ní ebi ti sọ ìyá rẹ̀ di ẹni tó ń jẹ òjò dídì lẹ́yìnkùlé ọmọ.

Bí ọ̀nà ti là, Jagtar dé, kò sì dá wá. Táyàjì ló mú lọ́wọ́, ìyẹn Bakhshish Singh, ẹ̀gbọ́n Karnail, baba wọn. Láwàní Táyàjì funfun báláú, irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Bí ọkùnrin yìí bá wúkọ́ ní Brampton, ẹbí ní Moga á béèrè ohun tó ní kí àwọn ṣe. Bí Nasib ti gbúròó rẹ̀, ó fa ìborí bo ojú títí dé àgbọ̀n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó ló ti ń bojú fún ẹ̀gbọ́n ọkọ. Wọ́n jọ darúgbó báyìí, kò tíì fojú hàn án rí, kò sì tíì sọ̀rọ̀ sókè níwájú rẹ̀.

Jagtar kò jókòó. Yàrá ìyá ló gbà lọ tààrà, ó di aṣọ sínú àpótí, ó gbé e lọ sínú ọkọ̀. Ìgbà tó padà wọlé ni Táyàjì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Pali, o gbìyànjú. Ìwé tó o ṣe, Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san. Ṣùgbọ́n ohun tí baba ńlá wa kò ṣe, a kì í torí òjò dídì ṣe é. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin ni ìyá ń gbé. Dìde, Nasib, ká máa lọ."

Pali mọ̀ pé bí ìyá bá jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn lónìí, àlejò ni yóò máa jẹ́ nílé òun títí ikú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Táyàjì, mo foríbalẹ̀. Ẹ mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí Vírjì kọ́kọ́ lọ tọwọ́ bọ̀wé. Ogún ọdún ni mo fi orúkọ mi dúró fún Bíjì. Bí wọ́n bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn Vírjì, èmi ni ìjọba á wá bi. Ẹ̀yin ẹ gbé ìyá, èmi kí n gbé ẹjọ́? Mi ò gbà. Ẹ bá mi wí o, ẹ nà mí o, mi ò gbà."

Táyàjì yíjú sí Jagtar. "Ohun tó sọ kò burú. Lọ tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Táyàjì, kò... wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ mi."

"Kí ló dé? Ìwọ tí ilé rẹ tó ilé ọba?"

"Ìwé owó-orí mi... ohun tí mo sọ fún wọn kéré díẹ̀."

"Kéré báwo?"

Jagtar wolẹ̀. "Bíi ti ẹni tí kò rí já jẹ."

Táyàjì ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù sínú rẹ̀.

Abẹ́ ìborí ni ohùn Nasib ti jáde. "Jagtar, bí mo bá dé ilé rẹ, kí ni màá máa ṣe?"

"Ẹ ó máa sinmi ni, Bíjì. Simrat fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹ ó kàn máa bá wa fojú sí àwọn ìbejì."

"Ojú nìkan?"

"Ojú, àti... ọwọ́ díẹ̀."

"Àti ẹsẹ̀, àti ẹ̀yìn." Nasib dìde. Ó di etí ìborí rẹ̀ mú, ó sì ká a kúrò lójú, ó jù ú sẹ́yìn. Pali gbá ẹnu mú. Táyàjì yára gbójú sí ara ògiri, bí ẹni pé òun ni wọ́n bọ́ láṣọ.

"Bhájì, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò mí," ni Nasib wí fún Táyàjì. "Mo ti dàgbà ju ẹni tí ẹ ó sá ojú rẹ̀ lọ. Àṣà yìí, mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ, torí ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́nu, èmi ni mò ń fi ebi sìn ín. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí òbí má bàa máa ha ọmọbìnrin wọn jẹ nílé ọkọ, kí ìyá ọkọ má rí ọ̀rọ̀ fi gún un lójú. Ògiri ni wọ́n mọ yí ọmọ ká. Lónìí ẹ yọ òkúta lára ògiri náà, òun lẹ wá ń sọ lu ọmọ. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń bá yín sọ ọ́. Gúrù á dárí jì mí."

"Nasib, ayé á gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́ ọ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìyá ọkọ ta ló wà nínú ilé yìí? Tírélà ló kọ́ ọ. Mo wá ọmọ tó máa dúró níwájú ìjọba kó ní 'ìyá mi nìyí, ọrùn mi ni kí ẹ so ó mọ́', mo rí i. Ẹ̀yin lẹ ní obìnrin ni. Èmi ni mo bí i, ẹ jẹ́ kí n pè é ní ohun tó wù mí."

Ó kọjá lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wọ ilé ìdáná. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó gbé ife sábẹ́ rẹ̀. Ó padà wá jókòó láàárín wọn, ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó ní, "Waheguru," ó sì mu ún. Kò gbé ife kúrò lẹ́nu títí ó fi gbẹ. Omi kán sí i ní àgbọ̀n, kò nù ún.

Nínú ọkàn rẹ̀, Pali ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá ní àwọn orúkọ tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀.

"Jagtar," ni Nasib wí, "lọ gbé àpótí mi wá."

"Bíjì, ojú àwọn èèyàn..."

"Àpótí."

Jagtar jáde, ó gbé e wọlé, ó sì gbé e padà sí yàrá. Nígbà tó yọ, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mo fẹ́ yín nílé mi, Bíjì. Kì í ṣe torí àwọn ọmọ nìkan."

"Mo mọ̀, puttar. Kó àwọn ìbejì wá lọ́jọ́ Sunday, màá bá wọn ṣeré. Ìwọ náà, wá pẹ̀lú ebi nínú."

Táyàjì ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Pali sáré gbé e wá fún un, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ó wá kọjú sí Jagtar lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó yá, tálákà. Fi ọkọ̀ gàgàrà rẹ gbé mi lọ sílé."

Bí wọ́n ti lọ tán, Nasib ní, "Ebi ń pa mí. Kí lo sè?"

Kò sí ohun gidi nílẹ̀. Ẹ̀wà àná ló kù, rótì sì ti le. Pali ní kí òun yan tuntun. Ìyá ní kó gbé èyí tó wà wá. Ó fi rótì gbá ẹ̀wà, ó jẹ ẹ́.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ló wí.

"Bíjì!"

"Kò tó. Gbé iyọ̀ wá. Kó o sì fa aṣọ ojú wíńdò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Gbogbo wọn ló wà níta o, Bíjì. Wọ́n ń kó òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n á rí yín."

"Mo mọ̀ pé wọ́n wà níta. Fà á."

Pali fa aṣọ wíńdò. Ìmọ́lẹ̀ funfun ya wọlé láti ìta. Ní òdìkejì títì, ọkùnrin kan fara ti ṣọ́bìrì rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ tọ́ ọ lápá. Nasib fa àga rẹ̀ súnmọ́ gíláàsì dáadáa, ó gbé àwo rẹ̀ sórí itan, ó sì ń jẹun lọ.